Òrùka Obìnrin Alátùpà

Ẹ̀ẹ̀meje ni ọkàn ọmọbìnrin kan àti ọkùnrin kan bára mu, ẹ̀ẹ̀meje náà ni ọmọbìnrin náà sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, nítorí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà lónìí, tó ń rìn bí ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀, lè rò pé òkú ló kú fún un. Kò sẹ́ni tó kú.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kan tó ń tẹ ìwé orin àti ìwé àdúrà ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí ẹsẹ orin kan bá fò, bí nọ́ńbà ojú ìwé kan bá ṣìnà, ojú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ orí ayélujára fi sọ ọ́ ní Ojú Àwòdì.

Géèmù kan ló kó òun àti àwọn ọ̀rẹ́ náà jọ, Ìlú Abẹ́ Omi lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é á di arìnrìn-àjò. Á yan irú ẹni tó fẹ́ jẹ́, ìbáà ṣe jagunjagun, ìbáà ṣe oníṣègùn, ìbáà tilẹ̀ ṣe olè. Á sọ̀kalẹ̀ sí ìlú kan tí omi bò mọ́lẹ̀, á bá iwin sọ̀rọ̀, á bá ẹja abìyẹ́ jà. Níparí rẹ̀, ibodè ìlú náà tì gbàgà, arìnrìn-àjò sì wà níta. Ọdún mẹ́fà rèé tí ibodè ti tì, abala kejì ò tíì jáde. Àwọn tó ṣe é kàn ń ju nǹkan sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fún ẹyẹ lóúnjẹ: àwòrán kan lónìí, orin kan lóṣù mẹ́ta òní. Èyí tí wọ́n bá jù sílẹ̀ làwọn olólùfẹ́ géèmù náà á ṣà jẹ, wọ́n á máa dá àbá lé e lórí. Ta ló ti ibodè? Ṣé ọba kú lóòótọ́? Wọ́n á jiyàn títí ọbẹ̀ á fi jóná.

Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń jẹ́ Adúró-Níbodè, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Ẹni tó bá dá àbá, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí Olùpamọ́. Olùpamọ́ á tì í pa lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí di ọjọ́ ṣíṣí, nígbà tí gbogbo wọn á pàdé ní yàrá ilé ìkàwé kan, tí wọ́n á ṣí i lójú ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà jí ti ẹnìkejì. Olùpamọ́ náà a máa kọ tirẹ̀. Ta ló ń ṣọ́ Olùpamọ́? Ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Fíríìjì ló ń tún ṣe. Ilé ìwòsàn pàápàá ń fi kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn lé e lọ́wọ́ láìwẹ̀yìn.

Ọjọ́ ṣíṣí kan ni òun àti Ojú Àwòdì kọ́kọ́ rí ara wọn lójú kojú. Orin láìlọ́rọ̀ kan ni wọ́n jù sílẹ̀ nígbà náà. Ojú Àwòdì kọ ọ́ pé orin ọmọ ọlọ́kọ̀ ni, ọmọ tí gbogbo ayé gbà pé omi gbé lọ ní abala kìíní. Ó ní ọmọ náà ò kú. Nígbà tí wọ́n ṣí ti Olùpamọ́, ohun kan náà ló wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọ inú orí mi ni?" ọmọbìnrin náà bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Orí yín ló wá kí tèmi nílé," ọkùnrin náà fèsì, ó sì nu ẹnu tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Ó sìn ín dé ibùdókọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta wá, ọkọ̀ mẹ́ta lọ, wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán.

Ìkejì bára mu. Ìkẹta bára mu. Nígbà tó fi máa di ìkẹrin, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Ó máa ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká, wọ́n á sì jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní òun fẹ́ràn ìjókòó ẹ̀yìn nínú ilé ìsìn. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọbìnrin náà fẹ́ràn. Ó ní òun fẹ́ràn òjò òwúrọ̀ ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọbìnrin náà rí. Ọmọbìnrin tó ti lo ọdún mẹ́wàá tó ń wá àṣìṣe kiri nínú ìwé oníwèé wá rí èèyàn kan tí kò rí àṣìṣe kankan lára rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ bí omi inú àmù.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò gbà.

Olórí akọrin ni bàbá náà, ọkùnrin tó lè gbọ́ ohùn kan tó yà nínú ogójì ohùn. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ mú Olùpamọ́ wálé, ó kó ìwé àbá méjìlá sórí tábìlì, mẹ́fà tirẹ̀, mẹ́fà ti Olùpamọ́.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni! Ẹ ka èyí, kí ẹ ka tirẹ̀. Òun ò rí tèmi, èmi ò rí tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe Ọlọ́run, kí ni?"

Bàbá wo ìwé náà bí ẹni tó ń wo ẹja tó ti pẹ́ lóòrùn. "Géèmù tí wọn ò tíì ṣe tán, òun lẹ jókòó tì, tí ẹ ń sọ ohun tó máa wà nínú rẹ̀?"

"Àbá ni, Bàbá."

"Àbá ni ikán ń dá, ikán ò lè mu òkúta." Ó yíjú sí Olùpamọ́ tó jókòó sétí àga. "Ọmọkùnrin. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ mi ti sọ fún ọ rí, èwo ni ìwọ ò gbà?"

Olùpamọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, kò tíì sí."

"Kò tíì sí?"

"Rárá, sà. Ohun tó bá rò náà ni mo máa ń rò."

Bàbá fọwọ́ kan apá àga rẹ̀. Ó ní, "Èmi àti ìyá ọmọ yìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la fi jà lórí ibi tó yẹ kí àga yìí wà. Tí akọrin méjì bá ń kọ ohùn kan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí wọn ò yà fún ara wọn rí, èmi mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ò mọ orin yẹn. Ẹnu ẹnìkejì ló ń wò. Máa lọ sílé, ọmọ mi. Mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ."

Oṣù mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, oúnjẹ ò sì wọ̀ ọ́ lára mọ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló wá gba iṣẹ́ alárinà ṣe. Agbẹ̀bí ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ẹbí ń pè é, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi àfi tó bá sùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́," ó ní fún bàbá. "Àwọn obìnrin ń wá sí wọ́ọ̀dù mi tí ọkọ wọn ò gbà pẹ̀lú wọn pé ilẹ̀ ti mọ́! Ọmọ yín rí èyí tó gbà, ẹ ní kò dáa. Ṣé alátakò lẹ fẹ́ kó lọ fẹ́?"

"Alátakò a máa sọ òótọ́."

"Alátakò a máa jẹun tán, kó tún ní kò dùn!"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ohùn padà.

Àǹtí yìí nìkan ni ọmọbìnrin náà ṣí ọkàn rẹ̀ payá fún. "Àǹtí, mo ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú kan. Ọjọ́ ṣíṣí ìkeje kù díẹ̀. Bí àbá wa bá tún bára mu, àmì ni, òun ni màá fẹ́. Bí kò bá bára mu, ti Bàbá ni màá gbà."

"Ọmọ mi, ìyẹn ò le jù?"

"Ẹ jẹ́ kó le. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbààwẹ̀. Ní ọjọ́ ṣíṣí, àbá méjèèjì dọ́gba bí ìlà ọwọ́ kan. Ó lọ sẹ́yìn àpótí ìwé ńlá kan, ó kúnlẹ̀ láàárín eruku, ó sì sunkún ayọ̀. Nígbà tó ròyìn àmì náà fún bàbá rẹ̀, ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Èmi kọ́ ni màá bá Ọlọ́run jiyàn," ó ní. "Ẹ mú ọjọ́."

Wọ́n mú ọjọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìgbéyàwó nígbà tí àwọn tó ṣe géèmù ju àwòrán kan sílẹ̀: obìnrin kan tó fi aṣọ borí, tó dúró lẹ́nu ibodè tí omi bò, tó gbé àtùpà dání. Òrùka kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo Adúró-Níbodè gbiná. Ta ni Obìnrin Alátùpà?

Fóònù Ojú Àwòdì kéré, àwòrán náà sì ṣókùnkùn. Ní ìsinmi ọ̀sán, ó bẹ Bàbá Ẹlẹ́rọ, àgbàlagbà tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn, pé kó bá òun gbé e sórí fíìmù, irú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara tí wọ́n máa ń wo ojú ìwé lára rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì gíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, ó fi awò wò ó fínnífínní. Òrùka wà lọ́wọ́ òsì. Nínú géèmù náà, ẹni tó bá búra fún ìlú, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fi òrùka sí; bó bá da ìlú, wọ́n á bọ́ ọ kúrò, wọ́n á fi í sí òsì kí gbogbo èèyàn lè mọ ọ̀dàlẹ̀. Ó kọ àbá rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú: Obìnrin Alátùpà ló ti ibodè mọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, òrùka ọwọ́ òsì sì ni ẹ̀rí. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò di ọkọ rẹ̀, ó sì padà sórí ìwé orin tó ń yẹ̀ wò.

Ọjọ́ ṣíṣí, yàrá ìkàwé kún. Wọ́n ka tirẹ̀. Ìyá kan tó ń ṣe olùkọ́ ìṣirò bú sẹ́rìn-ín.

"Ojú Àwòdì! Ọwọ́ òsì báwo? Ọwọ́ ọ̀tún mà ni!"

Gbogbo wọn yọ fóònù. Ọwọ́ ọ̀tún ni, kedere. Ojú Àwòdì wo tirẹ̀, ó gbá orí. "Yéè! Fíìmù! Mo tẹ́ fíìmù yẹn ní òdì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wò!"

"Àwòdì fọ́jú lónìí o!"

"Ẹ bá a ra awò!"

Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ka mẹ́rin, márùn-ún mìíràn. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn sọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ti Olùpamọ́: Obìnrin Alátùpà ló ti ibodè, torí pé òrùka rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì.

Yàrá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. "Ẹ wo tọkọtaya!" "Ìfẹ́ ti ra wọ́n níyè!" Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọmọbìnrin náà. Àwọn yòókù ò mọ ohun tí òun mọ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àwọn kan jí ìwé orin ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ tẹ̀, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn làwọn ṣà á jọ. Báwo ni wọ́n ṣe mú wọn? Nọ́ńbà orin kan tí ilé ìtẹ̀wé wọn ti fò ní àṣìṣe ló wà nínú ti olè náà, ó fò níbi kan náà. Ohun tó bá tọ̀nà, ẹgbẹ̀rún èèyàn lè rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó ti ọwọ́ ẹnì kan wá, tó tún hàn lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ní ọ̀nà tó gbà débẹ̀.

Ó rọra fà mọ́ Olùpamọ́. "Níbo lo ti wo àwòrán yẹn?"

"Lórí fóònù mi."

"Fóònù nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló dé, Àwòdì mi?"

"Kò sí nǹkan."

Ó délé, ó ń bá a wá àwáwí. Bóyá ó ṣèèṣì ni. Bóyá ó yí fóònù sódì. Bóyá ìfẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó mú kí èèyàn méjì ṣìnà pọ̀. Ó gbàdúrà kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun jẹ́ oníròkurò. Kò tíì gbàdúrà rí pé kí òun jẹ̀bi. Ọjọ́ yẹn ló kọ́ ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pè é wá sí ilé ìtẹ̀wé. Àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun. Ó na fíìmù náà sókè síná.

"Fíìmù yìí ni mo tẹ́ sódì. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ṣoṣo ni ọwọ́ òsì ti hàn ní gbogbo ayé, inú dúrọ́ọ̀ mi ló sì wà látọjọ́ yẹn. Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

Olùpamọ́ jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

"Mo ṣí tìrẹ wò," ó ní.

"Látìgbà wo?"

"Ti àkọ́kọ́, ti ọmọ ọlọ́kọ̀ yẹn, èmi ni mo rò ó. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Má fi Ọlọ́run búra níbí."

"Èmi ni mo rò ó. O rẹ́rìn-ín sí mi lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí mi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó di ìkejì, mo kọ tèmi tán, ẹ̀rù bà mí, mo ṣí tìrẹ wò. Wọn ò jọra rárá. Mo bá pa tèmi rẹ́."

"Kí lo kọ sínú èyí tó o pa rẹ́?"

"Mi ò rántí mọ́."

"Ìyẹn ni ǹ bá fẹ́ kà," ọmọbìnrin náà ní. "Ǹ bá bá ọ jà lé e lórí ní ibùdókọ̀ títí ọkọ̀ mẹ́wàá á fi lọ." Ó nu ojú. "Ìjókòó ẹ̀yìn nínú ilé ìsìn ńkọ́? Òjò òwúrọ̀ ńkọ́?"

"O ti kọ wọ́n sórí ayélujára rí," ọkùnrin náà ní, ó ń wo ilẹ̀.

Ọmọbìnrin náà rò pé idà náà ti wọlé tán, kò mọ̀ pé ó ku èèkù. Ọ̀rọ̀ kan wá sí i lọ́kàn, ó fẹ́ gbé e mì, kò lè gbé e mì.

"Ìkeje. Ṣé o mọ̀ pé mo ti fi ìkeje ṣe àmì?"

"Àǹtí ló sọ fún mi," ó ní. "Ire ló rò. Ó ní kí n gbàdúrà kó bára mu."

"O sì gbàdúrà?"

"Mo ṣí tìrẹ wò," ó ní.

"Mo fi ebi pa ara mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi ṣí fìlà fún àmì yẹn, ọkùnrin tí kì í ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run ni mo bi léèrè. Ìwọ lo dáhùn."

Olùpamọ́ wá kúnlẹ̀ nígbà náà, orúnkún rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí tàdáwà ti sọ di dúdú. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Màá fi ipò Olùpamọ́ sílẹ̀, màá jẹ́wọ́ fún gbogbo ẹgbẹ́, màá lọ bá Bàbá. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Tá ò bá gbéyàwó mọ́, ta ni Obìnrin Alátùpà lójú tìrẹ?" ọmọbìnrin náà bi í lójijì. "Má wo ojú mi. Kí ni ìwọ rò?"

Ó ronú. Ó ronú pẹ́. Ó gbójú sókè wá ìdáhùn níbi tó ti mọ́ ọn lára láti máa wá a, ní ojú ọmọbìnrin náà.

Ọmọbìnrin náà sì rí i.

"Dìde," ó ní jẹ́jẹ́. "Mo ti dárí jì ọ́. Ọlọ́run ní kí n fún ọ, mo sì fún ọ, mi ò ní gbà á padà. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kì í ṣe ìdáríjì. Máa lọ."

"Àwòdì..."

"Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tó gbọ́ "ẹ̀gbọ́n" yẹn, ó mọ̀ pé ó parí. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde.

Bàbá Ẹlẹ́rọ padà dé láti ibi oúnjẹ, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Lórí tábìlì, ẹ̀dà àyẹ̀wò ìwé ìpè ìgbéyàwó ti ń dúró láti àárọ̀. Kò sí ohun tó lè wọ ẹ̀rọ nílé ìtẹ̀wé yẹn láìjẹ́ pé ọmọbìnrin náà buwọ́ lù ú.

"Ìyàwó! Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́? Mo ti kó ìwé sẹ́nu ẹ̀rọ."

Ó mú ẹ̀dà náà, ó kà á bó ṣe máa ń ka ti àjèjì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìka rẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ìdílé méjì. Ọjọ́. Wákàtí. Nọ́ńbà orin ìwọlé tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ yàn. Ó gbé kálámù, ó sì tún gbé e sílẹ̀.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Àṣìṣe wà ńbẹ̀ ni?" Àgbàlagbà náà fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó tẹ̀ síwájú. "Èmi ò mà rí nǹkan kan. Orúkọ pé, ọjọ́ pé."

"Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Bàbá. Wọ́n kàn kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni."

Bàbá Ẹlẹ́rọ wo ìwé náà, ó wo ojú rẹ̀. Ó lọ pa ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé funfun náà kúrò lẹ́nu rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.